Àyẹ̀wò RFTM fún ọ́ísítà tó ń kú: ó ti pẹ́, àmọ́ ó ṣì wúlò

Bí ọ́ísítà (ẹran inú ìkarahun tó ń gbé inú òkun) bá ń kú rẹpẹtẹ ní etíkun ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà nígbà tí omi móoru, Perkinsus marinus, kòkòrò àrùn tín-tìn-tín kan tó ń gbé ara ọ́ísítà, wà lára ohun tí a kọ́kọ́ ń fura sí. Àyẹ̀wò RFTM (Ray's Fluid Thioglycollate Medium) tí onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Sammy Ray gbé jáde ní 1952 ṣì dára fún un, kò sì béèrè ẹ̀rọ olówó ńlá.

Ẹ gé ẹran díẹ̀ nítòsí ihò ìdí ọ́ísítà, ẹ rì í sínú omi thioglycollate (omi tí a fi ń tọ́ kòkòrò dàgbà) tí ẹ ti po oògùn apabakitéríà mọ́, kí ó wà nínú òkùnkùn ní 27°C fún ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ wá kán áyódínì Lugol (omi áyódínì tó ń kun kòkòrò náà láwọ̀) sí i. Kòkòrò àrùn náà á ti wú, á sì dúdú bí aró lábẹ́ maikirosikóòpù. Oṣùwọ̀n 0 sí 5 la fi ń sọ bó ṣe pọ̀ tó.

Bí oògùn apabakitéríà náà bá ti pẹ́ jù, bakitéríà á gba inú ìgò, ẹran á jẹrà, iṣẹ́ dòfo nìyẹn. Ọ́ísítà tó ti kú tó ń rùn kò wúlò rárá. Àyẹ̀wò yìí lè má rí àrùn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. qPCR, àyẹ̀wò tó ń wá DNA kòkòrò náà, sàn níbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń ka DNA kòkòrò tó ti kú náà mọ́ ọn.

Àbùkù RFTM tó tóbi jù: kò rí OsHV-1, fáírọ́ọ̀sì kan tó ń pa ọ́ísítà, kò rí MSX, àrùn ọ́ísítà tí kòkòrò mìíràn ń fà, kò sì mọ̀ bóyá àìtó ọ́síjìn ló pa wọ́n. Ẹ wọn ooru, iyọ̀ àti ọ́síjìn omi lọ́jọ́ tí ẹ kó wọn. Ìgò dúdú sì ni kí ẹ fi Lugol sí, ìmọ́lẹ̀ ń bà á jẹ́.