Ìbò àlùfáà àbí àṣẹ ọba: èwo ló ń parí ìjà oyè póòpù?

Bí ènìyàn méjì bá ń du oyè póòpù ní Ítálì ayé àtijọ́, ṣé kí Róòmù dá a yanjú ni, àbí kí ọba dá sí i?

Ìbò àwọn àlùfáà Róòmù kì í sọni di ẹrú ọba, ṣùgbọ́n ó lè pín ìlú sí méjì. Ní 498, ọjọ́ kan náà ni wọ́n yan Symmachus àti Laurentius. Wọ́n gbẹ́jọ́ lọ bá Theodoric, ọba Ítálì, ní ààfin rẹ̀ ní Ravenna, ẹni tí kì í ṣe Kátólíìkì pàápàá! Ó ní ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ fi jẹ, tí èrò rẹ̀ sì pọ̀ jù, ló ni oyè: Symmachus. Ìdájọ́ yá, àmọ́ kò tọ́jọ́. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní ìgboro Róòmù kí ọ̀rọ̀ tó rọlẹ̀ ní 506.

Ewu àṣẹ ọba ló bà mí lẹ́rù jù: ẹni tó lè fini jẹ lè yọni. Ní 537, Belisarius, ọ̀gágun Justinian tó jẹ́ ọba ńlá ní Constantinople, yọ Póòpù Silverius, ó fi Vigilius rọ́pò rẹ̀. Àṣẹ ọba tún ń falẹ̀: 638 ni wọ́n yan Póòpù Severinus, àmọ́ nítorí pé wọ́n ń dúró de àṣẹ ọba Constantinople, 640 ló tó jẹ.

Bí ẹgbẹ́ méjèèjì bá ti dira ogun, adájọ́ láti ìta wúlò. Bí èrò bá ṣọ̀kan, kí wọ́n fi ọba sílẹ̀ sí ààfin rẹ̀.