Ọsàn wẹ́wẹ́, fínígà tàbí ìṣápá: èwo ni kí o rà fún ọbẹ̀ rẹ?

Bí o bá ń lọ sí Ọjà Ọba l'Ádó-Èkìtì láti ra ohun kíkan tí yóò tún ọbẹ̀ ṣe, ọbẹ̀ tí o fẹ́ sè ni kí o kọ́kọ́ rò. Ọbẹ̀ olómi tí ọ̀rá ti pọ̀ jù nínú rẹ̀ ń fẹ́ ohun tí a óò fún sí i nígbẹ̀yìn. Ọbẹ̀ iyán ń fẹ́ ohun tí a óò sè mọ́ ọn.

Ọsàn wẹ́wẹ́ ni mo máa ń rà fún ọbẹ̀ ata ẹja àrọ̀. Mú èyí tí èèpo rẹ̀ fẹ́lẹ́, tó ń dán, tó sì wúwo lọ́wọ́. Èyí tó fúyẹ́ kò ní omi tó nǹkan. Fi àtẹ́lẹwọ́ yí i mọ́lẹ̀ kí o tó gé e. Ìgbà tí o bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀ ni kí o fún un sí i, ìdajì ẹyọ kan fún ìkòkò tí ènìyàn mẹ́rin yóò jẹ. Tọ́ ọ wò kí o tó tún bu iyọ̀, torí bí ọbẹ̀ bá ti kan díẹ̀, iyọ̀ kékeré ti tó o. Èmi ti jù ú sínú ìkòkò tèèpo-tèèpo rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Òórùn dídùn rẹ̀ bá ooru lọ, ọbẹ̀ korò, àwọn ọmọ kò lè jẹ ẹ́. Ó dùn mí, torí ẹja ọ̀hún wọ́n.

Lẹ́mọ́ọ̀nù tóbi, omi rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n òórùn rẹ̀ kò tó ti ọsàn wẹ́wẹ́. Bó bá wọ́n, fi sílẹ̀.

Fínígà kì í tètè bàjẹ́, ìyẹn ni àǹfààní rẹ̀. Mo fi ń fọ ẹja àti ìgbín kí ikun wọn lè kúrò. N kì í dà á sọ́bẹ̀, torí ó máa ń ta sí imú. Má sì fi èyíkéyìí nínú wọn sínú ewédú tàbí ilá: yíyọ̀ wọn yóò dínkù.

Ìṣápá ni tiwa. Funfun ni kí o rà. Èyí tó pupa ni wọ́n fi ń ṣe sóbò. Gbígbẹ rẹ̀ sàn fún ẹni tí kì í lọ sọ́jà lemọ́lemọ́, torí ó ń pẹ́ nílé, ṣùgbọ́n wo inú rẹ̀ dáadáa bóyá kòkòrò tàbí iyanrìn wà níbẹ̀. Sè é, da omi rẹ̀ nù, fọ̀ ọ́, kí o fún un gbẹ. Iye ìgbà tí o bá fọ̀ ọ́ ni yóò sọ bí yóò ṣe kan tó. Lẹ́ẹ̀mejì ni tèmi. Àwọn mìíràn ń fi kánún sè é, ó sì máa ń pa kíkan rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí kánún bá pọ̀, kí lo wá ra ìṣápá fún? Lẹ́yìn náà, dà á sínú ata tó ti jinná, pẹ̀lú ẹ̀gúsí àti irú. Bí o bá ní ìkòkò tí kì í ṣe alumíníọ̀mù, òun ni kí o lò, torí ohun kíkan máa ń jẹ alumíníọ̀mù lára.