Wọ́n gba ìwé, wọ́n fi èrò àwọn òǹkàwé sílẹ̀: àgbéyẹ̀wò áàpù ìkàwé kan

Ó ku orí mẹ́ta kí n parí ìwé náà nígbà tó pòórá. Mo tẹ àwòrán rẹ̀ lórí fóònù bí mo ṣe máa ń tẹ̀ ẹ́ lálaalẹ́, gbólóhùn kan ṣoṣo ló yọ sí mi: "Ìwé yìí kò sí nínú àkójọ wa mọ́." Kò sí "ẹ pẹ̀lẹ́", kò sí "ẹ má bínú". Abẹ́ rẹ̀ ni wọ́n to ìwé mẹ́rin mìíràn sí, wọ́n ní ó ṣeé ṣe kí n fẹ́ràn wọn. Ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ìwé ìtọ́jú ajá. Mi ò ní ajá, mi ò sì wá ajá.

Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù náà, nítorí ẹjọ́ èmi àti wọn ṣì wà nílẹ̀. Ẹni tó bá ń lò ó á ti dá a mọ̀ kí n tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì. Mi ò sì ní máa ṣàlàyé bí èèyàn ṣe ń sọ lẹ́tà di ńlá tàbí bí ojú ìwé ṣe ń di dúdú lóru. Gbogbo áàpù ìkàwé ló ń ṣe ìyẹn. Ẹ máa san owó lóṣooṣù, ẹ máa ka ohun tó bá wù yín, ó parí.

Ohun tó fà mí wọ ibẹ̀ ni abala tí wọ́n pè ní "Kí lẹ ń kà lọ́wọ́?" Ẹnikẹ́ni lè sọ ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ níbẹ̀, ibi tó kà á dé, àti ohun tó rò nípa rẹ̀. Bí ẹ bá ń ka ìwé kan náà, èrò àwọn yòókù á máa yọ sí yín létí ojú ìwé. Ṣùgbọ́n ti orí tí ẹ kò tíì dé máa ń wà ní títì. Ẹni tó wà ní orí kẹrin kò lè rí ohun tí wọ́n sọ nípa orí kẹwàá. Ẹni tó ronú kan ọgbọ́n yìí, mo kí i. Mo ti wà níbi púpọ̀ tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ìwé, kì í pẹ́ tí aláròyé kan á fi dé, tí á sọ ẹni tó kú àti ẹni tó pa á.

Ìtàn àròsọ ni ìwé tí mò ń sọ yìí, ó nípọn, ó dá lórí ìdílé kan tó ń fi ọkọ̀ gbé èèyàn sọdá omi láti ìran dé ìran. Kí n sọ òótọ́, ìwé náà kò ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tí a jọ ń kà á ló dùn. Nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì wà láàárín wa. Níbi tí ìyàwó ilé ti ń rọbí, tí òǹkọ̀wé ní ọmọ ti bọ́ sílẹ̀ kí omi orí iná tó hó, nọ́ọ̀sì yìí kọ ọ́ sí etí ìwé pé òun ti gbẹ̀bí tó kí òun lè mọ̀ pé ọmọ àkọ́bí kì í sáré báyẹn, ó wá to ohun tó yẹ kí obìnrin náà máa là kọjá ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àlàyé rẹ̀ gùn ju orí náà lọ, ó sì dùn jù ú lọ. Ọkùnrin kan tó ti ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun rí orí keje, ó fárígá: omi òkun kò lè kún lẹ́ẹ̀mẹ́ta láàárín ọjọ́ kan, ó ní ní ọ̀pọ̀ etíkun ẹ̀ẹ̀mejì ló máa ń kún láàárín wákàtí 24 àti nǹkan bí ìṣẹ́jú 50, nítorí òṣùpá ló ń fà á, òṣùpá kì í sì í gba àṣẹ lọ́wọ́ òǹkọ̀wé. Ẹnì kan tún wà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í kọjá gbólóhùn kan. Ní orí kejì, ohun tó kọ ni, "Irọ́ ni bàbá yìí ń pa." Orí kọkànlá ni àwa tó kù tó rí irọ́ náà.

Àwọn ìwé tó pọ̀ jù níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí o. Ìtàn ìfẹ́ ló pọ̀ jù, lẹ́yìn rẹ̀ ìtàn ọ̀daràn, lẹ́yìn rẹ̀ àwọn ìwé tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yí ìgbésí ayé ẹni padà. Ẹ lọ wo etí àwọn ìwé ìyípadà yìí: orí kìíní kún fún "èyí bá mi wí", orí kejì náà kún díẹ̀, nígbà tó bá fi máa di orí karùn-ún, kò sẹ́nì kankan nílé mọ́. Jordan Ellenberg, onímọ̀ ìṣirò, ti fi irú nǹkan yìí ṣeré ní 2014. Ó wo ibi tí àwọn òǹkàwé orí Kindle, ẹ̀rọ ìkàwé ti ilé-iṣẹ́ Amazon, fa ìlà sí jù nínú ìwé kọ̀ọ̀kan, ó fi ń díwọ̀n ibi tí wọ́n kà á dé. Nínú ìwé ètò ọrọ̀ ajé Thomas Piketty tó tó ojú ewé 700, ibi tó jìnnà jù nínú márùn-ún tí wọ́n fa ìlà sí jù kò kọjá ojú ewé 26. Òun fúnra rẹ̀ ní eré ni, kì í ṣe ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Eré náà bá ohun tí mò ń rí mu.

Mo fẹ́ràn ìtìpa orí yẹn nítorí pé ó ń mú kí èèyàn kà kó tó sọ̀rọ̀. Ibi tí kò bá ti sí irú rẹ̀, ẹ máa rí nǹkan. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, Elizabeth Gilbert, òǹkọ̀wé ọmọ Amẹ́ríkà, kéde ìtàn àròsọ tuntun kan tó wáyé ní ilẹ̀ Rọ́ṣíà. Ìwé náà kò tíì jáde, àwọn èèyàn ti ya lọ sórí Goodreads, ìkànnì tí àwọn òǹkàwé ti ń díwọ̀n ìwé, wọ́n ń fún un ní ìràwọ̀ kan ṣoṣo nítorí ogun Ukraine. Kò pẹ́ tó fi fà á sẹ́yìn. Ẹ̀dùn ọkàn àwọn èèyàn yẹn kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ka ojú ewé kan nínú wọn.

Ẹ jẹ́ kí n padà sí alẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ṣí ibi tí wọ́n ti ń bá oníbàárà sọ̀rọ̀. Ẹ̀rọ ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Ó ní òun mọ bó ṣe ń dunni tó (ẹ̀rọ!), ó sì fi àlàyé ránṣẹ́ lórí bí a ṣe ń pa ìwé rẹ́ kúrò lórí fóònù. Mo ní ìwé mi ti pa rẹ́, ibi tó lọ ni mò ń wá. Ó ní inú òun dùn pé òun ràn mí lọ́wọ́, ṣé mo lè fún un ní ìràwọ̀? Mo kọ ọ́ pé mo fẹ́ bá èèyàn sọ̀rọ̀. Ó ní kí n tún un sọ lọ́nà mìíràn. Mo sọ ọ́ lóríṣiríṣi, títí tí mo fi kọ "ÈÈYÀN" ní lẹ́tà gàdàgbà, tí mi ò fi ohunkóhun kún un. Ìyẹn ló yé e.

Ọkùnrin tó kọ́kọ́ dé kí mi dáadáa, ó ní kí n yọ áàpù náà kúrò, kí n tún un gbé sórí fóònù. Mo béèrè bóyá ìyẹn á dá ìwé tí wọ́n ti mú lọ padà. Ó ní rárá, ṣùgbọ́n ibi tí a ti ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ṣe é. Kí n tó dé, wọ́n ti kọ ọ́ sórí ẹjọ́ mi: "A ti yanjú rẹ̀." Ta ló yanjú ẹ̀? Kí ni wọ́n yanjú? Ibẹ̀ gan-an ni inú ti bí mi dé góńgó.

Mo tún ẹjọ́ náà ṣí. Ẹnì kejì mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó kàn ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka òfin sí ẹlẹ́wọ̀n létí ni. Ó ní àdéhùn àwọn àti ilé-iṣẹ́ tó tẹ ìwé náà ti parí, àti pé ọjọ́ tó máa kúrò ti wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá wò ó. Mo wá a lẹ́yìn náà lórí ìwé mìíràn tó fẹ́ kúrò: lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, lẹ́tà eérú lórí funfun, lábẹ́ iye ojú ewé àti orúkọ ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kì í dé. Ó wá ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí pé àṣẹ láti kà á lẹ ń sanwó fún, kì í ṣe ìwé náà."

Mo rántí. Ta ni kò rántí? Ní oṣù keje ọdún 2009, Amazon wọ inú Kindle àwọn oníbàárà, ó kó ìwé 1984 ti George Orwell jáde lẹ́yìn tí wọ́n ti rà á, nítorí pé ẹni tó gbé e síbẹ̀ kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Nínú gbogbo ìwé, èyí tó sọ nípa ìjọba tó ń pa àkọsílẹ̀ rẹ́! Wọ́n dá owó padà, Jeff Bezos, ọ̀gá Amazon nígbà náà, fúnra rẹ̀ tọrọ àforíjì. Ní 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé rẹ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì pa, ìwé tí èèyàn rà níbẹ̀ kò ṣí mọ́. Àwọn náà dá owó padà, wọ́n sì fi dọ́là 25 kún ti àwọn tó ti kọ nǹkan sí etí ìwé wọn. Dọ́là 25 yẹn ni mo fẹ́ kí ẹ wò. Wọ́n gbà pé ohun tí òǹkàwé kọ sínú ìwé ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ohun tí mò ń béèrè gan-an nìyẹn. Ẹ gba ìwé yín, ó dáa. Ọ̀rọ̀ tèmi dà? Láti orí kìíní ni mo ti ń kọ nǹkan sí etí ìwé náà, ẹni tí mo fura sí, ìbéèrè, èébú díẹ̀ fún bàbá yẹn. Ẹnì kejì yẹn ní ara ìwé ni wọ́n so ó mọ́, àti pé bí ìwé bá padà wá lọ́jọ́ kan, màá rí i. Lọ́jọ́ kan!

Ẹnì kẹta ni obìnrin kan. Kò kí mi pẹ̀lú gbólóhùn tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ béèrè ni, "Orí wo lẹ dé?" Mo sọ fún un. Ó ní, "Áà! Ẹ ò tíì mọ ẹni tó dáná sun ọkọ̀ náà." Òun náà ti ka ìwé yẹn. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́." Ó ní, "Ẹ̀yin ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò jẹ́ ṣe yín bẹ́ẹ̀." Ó ní kí n fún òun láyè di ọ̀la, pé kì í ṣe ohun tí àwọn máa ń ṣe fún oníbàárà, ṣùgbọ́n òun á bá àwọn tó wà nídìí ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, fáìlì kan ti wà nínú ímeèlì mi: gbogbo ohun tí mo kọ, orí tẹ̀ lé orí, pẹ̀lú gbólóhùn inú ìwé tí mo kọ ọ́ sí lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé òun ò ka ọ̀rọ̀ mi, àyàfi ti orí kẹsàn-án tí ojú òun ṣèèṣì bà. Ó ní mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ ọ́n.

Mo sáré lọ ka ohun tí mo kọ ní orí kẹsàn-án. Èèyàn mẹ́rin ni mo fura sí níbẹ̀.

Ẹ wá wo àrà. Nígbà tí mo padà sí "Kí lẹ ń kà lọ́wọ́?" lọ́jọ́ yẹn, gbogbo àgádágodo ti ṣí. Ìwé ti lọ, ẹ̀rọ kò wá mọ ibi tí mo kà á dé mọ́, ó bá kó ohun tí gbogbo èèyàn sọ síta fún mi, títí dé ojú ewé tó kẹ́yìn. Èrò lórí orí mẹ́ta tí mi ò kà, láìsí orí mẹ́ta náà. Ó yẹ kí inú tún bí mi. Mo jókòó, mo kà á tán.

Mi ò rí irú ìkàwé bẹ́ẹ̀ rí. Nọ́ọ̀sì ní ìyá ni, ó ti mọ̀ pé òun ń kú lọ, ó fẹ́ kí ọkọ̀ náà bá òun lọ. Ó ní ẹ padà sí orí kẹta, ẹ wo bó ṣe ń mí. Atukọ̀ òkun ní irọ́ ni, pé igi tó ti mu omi láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò lè jó báyẹn, àfi bí ẹnì kan bá da epo sí i, ta ló sì mọ ibi tí epo wà bí kò ṣe àbúrò? Ẹnì kan gbèjà àbúrò. Òmíràn ní ẹ̀yin méjèèjì kò kà á dáadáa. Wọ́n fà á lọ, wọ́n fà á bọ̀. Ẹni gbólóhùn kan wá dé, ó kọ ọ́ pé, "Ó ti dárí jì í kó tó ṣe é." Nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, mi ò lè sọ pàtó ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọkọ̀. Ṣùgbọ́n mo ti mọ ìdílé yẹn ju bí òǹkọ̀wé ṣe fi wọ́n hàn mí lọ.

Mo yá ìwé náà ní ilé ìkàwé nígbẹ̀yìn, ẹ̀dà bébà. Ìdajì ojú ewé ni òǹkọ̀wé fi sọ nípa iná náà: fìtílà kan ṣubú, ọkọ̀ jó, ó di ọjọ́ kejì. Gbólóhùn kan péré nípa ẹni tó gbé fìtílà síbẹ̀ ló dá gbogbo ìjà yẹn sílẹ̀, gbólóhùn náà kò sì dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó bí mi nínú díẹ̀. Ìparí tí àwọn òǹkàwé ṣe fún mi dára ju èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde lọ.

Àwọn nǹkan kéékèèké tó kù: ibi ìwákiri wọn kò dára rárá, bí ẹ bá ṣi lẹ́tà kan kọ nínú orúkọ òǹkọ̀wé, ó di pé kò sí. Bí ẹ kò bá pa ìkìlọ̀ rẹ̀ tó ń dún láti mú yín padà wá kàwé, kò ní jẹ́ kí ẹ sùn. Títí di ìsinsìnyí, kò sí bọ́tìnì tí èèyàn lè fi kó àkọsílẹ̀ rẹ̀ jáde fúnra rẹ̀. Mo kọ lẹ́tà nípa rẹ̀, ẹ̀rọ ló fèsì. Ìràwọ̀ odindi nìkan ni wọ́n sì ń gbà lọ́wọ́ òǹkàwé, nígbà tí StoryGraph, áàpù àwọn òǹkàwé tí Nadia Odunayo dá sílẹ̀, ń jẹ́ kí èèyàn fún ìwé ní ìdajì ìràwọ̀, àní ìdá kan nínú mẹ́rin pàápàá. Ìwé tí mò ń sọ yìí, ìràwọ̀ mẹ́ta àti ìdá kan nínú mẹ́rin ni mi ò bá fún un, kí n má ré e jẹ.

Ní ti áàpù, ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún. Obìnrin tó fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi, márùn-ún ni tirẹ̀, wọn ò kàn fi àyè sílẹ̀ níbi tí mo ti lè kọ ọ́. Mo ti san owó oṣù tó ń bọ̀.