Anchors Aweigh (1945): Torí Ijó Jerry Ni Mo Ṣe Rà Á, Ibẹ̀ Gan-an Ló Há Sí

Ara mi ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ ni. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo ti ń ṣèlérí fún ọmọ mi obìnrin pé á rí eku Jerry, ti Tom and Jerry, tó ń bá èèyàn gidi jó nínú fíìmù yìí. Lálẹ́ àná, a dé ibẹ̀. Gene Kelly, oníjó tó ṣe atukọ̀ nínú ẹ̀, ń pìtàn fún àwọn ọmọ iléèwé, ó wọ ìlú tí ọba ti fòfin de orin, àṣé Jerry lọba, kò mọ ijó jó ló ṣe ní kí ẹnikẹ́ni má jó. Kelly ní òun á kọ́ ọ. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀ báyìí, DVD há. Mo yọ ọ́, mo nù ún, ibẹ̀ náà ló tún há sí. Ọmọ mi ò sunkún, ó kàn dìde lọ sùn. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Láàárọ̀ yìí, mo gbé e padà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti rà á níbí ní London. Ọmọkùnrin tó wà ní kántà ò tiẹ̀ ṣí páálí ẹ̀ wò. Ó ní bí fíìmù àtijọ́ ṣe ń ṣe nìyẹn. Mo ní fíìmù kọ́ ló gbó, DVD ló họ. Ó ní mo ti já ọ̀rá rẹ̀, wọn ò lè gbà á mọ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó láìjá ọ̀rá?

Ohùn mi ti ń ròkè kí ìyá àgbà kan tó jáde láti ẹ̀yìn. Ó gbé DVD náà síwájú iná, ó fi èékánná tọ́ ìlà kan tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Kò bá mi jiyàn rárá. Ó mú òmíràn, ó fi sínú ẹ̀rọ tiwọn, ó wá ibi ijó náà kàn. Àwa mẹ́ta la dúró wò ó tán. Ilẹ̀ ààfin ń dán, òjìji Kelly hàn lórí ẹ̀, ti eku náà hàn, eku tó jẹ́ pé wọ́n yà á ni! Ọmọkùnrin yẹn ló ní kí ìyá dá a padà sẹ́yìn, kóun tún un wò.

Fíìmù náà gùn ju bó ṣe yẹ lọ, ó lé ní wákàtí méjì. Irọ́ táwọn atukọ̀ méjèèjì, Kelly àti Frank Sinatra, pa fún Susan, ọmọbìnrin tó fẹ́ di olórin, pé José Iturbi, gbajúmọ̀ atẹdùùrù, á gbọ́ orin ẹ̀, wọ́n fà á títí ó fi sú mi. Ṣùgbọ́n ẹ wo Sinatra tó ń fò lórí bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú Kelly. Olórin ni, Kelly ló kọ́ ọ níjó, kò sì já a kulẹ̀. Oṣù Keje 1945 ni fíìmù yìí jáde, ogun Japan ò tíì parí, síbẹ̀ ayọ̀ inú ẹ̀ mọ́ gaara.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Alẹ́ àná ọmọ mi ò ṣe é pààrọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ti wẹ̀ báyìí, ó ń pè mí ní pálọ̀.