Patanmọ́ tútù àti lẹ́búlẹ́bú rẹ̀: èwo ló tó owó ná?

Ìdì tútù tó ṣì ní gbòǹgbò ni ká rà. Lóko, bí a bá fọwọ́ kàn án, omi á sá kúrò ní oríkèé ewé, ewé á sì pa itan mọ́ bí orúkọ rẹ̀ ṣe wí. Á tó ìṣẹ́jú 10 sí 20 kó tó tún là. Èyí tí wọ́n gé láti àárọ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ẹ má retí kó mira lórí àtẹ ẹlẹ́wé ọmọ. Ẹ wo ẹ̀gún wẹ́wẹ́ ara igi rẹ̀, ewé tó sábà ń ya bí ìka 4 lórí ọ̀pá kan, àti òdòdó róbótó tó pupa díẹ̀ bí àlùkò. Ẹ họ gbòǹgbò rẹ̀, kẹ́ ẹ gbóòórùn: ó máa ń rùn bí ìsó.

Òmíràn wà tó jọ ọ̀pẹ kékeré, tí òdòdó rẹ̀ dà bí àwọ̀ ìyeyè, tí kò lẹ́gùn-ún. Òun náà ń pa ewé dé, ṣùgbọ́n Biophytum ni, kì í ṣe Mimosa pudica, ìyẹn patanmọ́.

Lẹ́búlẹ́bú inú ọ̀rá kò tẹ́ wa lọ́rùn, nítorí gbogbo àmì wọ̀nyí ti run sínú rẹ̀. Ẹ fi ìka méjì ra á: bó bá ń gún, wọ́n lọ ẹ̀gún mọ́ ọn. Bó bá ti ṣá, inú oòrùn gangan ni wọ́n sá a sí. Bó bá sì ti bu, wọ́n dì í kó tó gbẹ. Inú ibòòji ló yẹ kó wà, kí wọ́n tẹ́ ẹ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sórí atẹ fún ọjọ́ 5 sí 7, títí ewé á fi máa rún wómúwómú lọ́wọ́.

Ní Íńdíà, jẹ̀díjẹ̀dí, egbò àti ìgbẹ́ gbuuru ni wọ́n ń lo patanmọ́ fún. Fún jẹ̀díjẹ̀dí, fífi jókòó ló wù wá ju mímu lọ: ẹ já ewé kúrò lára ẹ̀gún, ẹ se ìkúnwọ́ 2 nínú omi lítà 2 fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ fi aṣọ sẹ́ ẹ. Asẹ́ lásán kò tó, irun ara èso rẹ̀ á yọ́ kọjá, á sì máa yún ara. Ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́ kẹ́ ẹ tó jókòó sínú rẹ̀. Bí ẹ bá ń ṣẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ lọ.

Aláboyún kò gbọdọ̀ mu ún rárá. Èròjà mimosine wà nínú rẹ̀, òun ló ń mú kí irun ẹran tó bá jẹ ẹ́ púpọ̀ máa re.