Chevrolet C10 ọdún 1966: mo yọ bíréèkì dúrọ́ọ̀mù iwájú, mo fi ti dísìkì rọ́pò ẹ̀

Ọkọ̀ náà ti ń dúró báyìí, kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Píkọ́ọ̀pù tí bàbá mi fi sílẹ̀ ni, enjíìnì onísìlíńdà mẹ́fà, dúrọ́ọ̀mù lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ẹni tó bá ń wakọ̀ l'Ábẹ́òkúta mọ̀ pé wọn kì í fi bíréèkì ṣeré níbí: ẹ gun òkè, ẹ sọ̀ kalẹ̀, kẹ́ ẹ tó mí, òkè mìíràn ti dé. Bí dúrọ́ọ̀mù bá gbóná, ó máa ń fẹ̀ kúrò lára ṣúù (èyí tó ń tẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ láti dá táyà dúró), pẹ́dà á máa wọlẹ̀ lọ, ọkọ̀ á ṣì máa lọ ní tiẹ̀. Bí omi òjò bá wọnú ẹ̀ ńkọ́? Títẹ àkọ́kọ́ yẹn, kò ní gbọ́ràn.

Àmọ́ kì í ṣe dúrọ́ọ̀mù ló ń já mi láyà jù. Másítà ni, ibi tí pẹ́dà ti ń ti ọ́ìlì bíréèkì lọ sẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Olójú kan ṣoṣo ni másítà ọkọ̀ 1966: páìpù kan bẹ́, ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ò ní bíréèkì mọ́ nìyẹn. Ọdún 1967 ni Chevrolet sọ ọ́ di olójú méjì, iwájú lọ́tọ̀, ẹ̀yìn lọ́tọ̀. Dísìkì iwájú wá di 1971.

Amẹ́ríkà ni mo ti ra kíìtì náà: dísìkì, kálípà (èyí tó ń fi páàdì fún dísìkì mọ́ra), páàdì, irin tí wọ́n ń de kálípà mọ́, họ́òsì, búsítà (tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì), másítà olójú méjì àti fáàfù tó ń dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù kí táyà ẹ̀yìn má baà há nígbà tí ẹrù ò bá sí lẹ́yìn. Èyí tó ní nọ́ọ̀tì táyà mẹ́fà ni mo mú. Nọ́ọ̀tì márùn-ún ni C10 láti 1971, tẹ́ ẹ bá lọ tú tiẹ̀ lára ọkọ̀ àlòkù, rímù iwájú ò ní bá tẹ̀yìn mu mọ́. Irin wúwo o. Owó ẹrù dùn mí ju owó ọjà lọ.

Bàbá mẹkáníìkì mi ní Oníkólobó kọ́kọ́ ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká fi búsítà yẹn sílẹ̀, ẹsẹ̀ yín lágbára." Mo kọ̀. Nínú dúrọ́ọ̀mù, bí táyà ṣe ń yí ló ń fa ṣúù mọ́ra, ìyẹn ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́. Dísìkì ò ní irú ìrànlọ́wọ́ bẹ́ẹ̀, àfi kí búsítà lo agbára enjíìnì. Ọmọ iṣẹ́ ẹ̀ náà ti gbé kọ̀ńpúréṣọ̀ láti fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù dànù. Mo ní kó fi omi rẹ ẹ́ ná. Ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń ṣe ṣúù àtijọ́, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bá jà.

Ìwé ìtọ́ni wọn kò ní láárí, àwòrán ẹ̀ ṣókùnkùn. Síbẹ̀ dídè ẹ̀ ò le, ihò gbogbo bára mu. Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú ni másítà. Mo wà á dé Pánṣẹ́kẹ́, òórùn páàdì tó ń jóná gba inú ọkọ̀. A fi jáàkì gbé e, táyà iwájú ò ṣeé fọwọ́ yí. Bàbá tú nọ́ọ̀tì kékeré tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lẹ́yìn kálípà, ọ́ìlì tú jáde ṣùrù, táyà sì yí wọ̀ọ̀. Ó wò mí, ó ní, "Inú másítà lọ̀rọ̀ wà." Ó tú páìpù kúrò lẹ́nu ẹ̀, ó yí ìṣó onídè sínú ìjókòó bàbà tó wà níbẹ̀, ó fi píláyà fà á yọ. Fáàfù rọ́bà kékeré kan pẹ̀lú sípíríǹgì ẹ̀ jáde tẹ̀ lé e. Dúrọ́ọ̀mù ni wọ́n ṣe fáàfù yẹn fún: ó ń há agbára ọ́ìlì díẹ̀, nǹkan bíi 10 psi, mọ́ inú páìpù. Tó bá wà lójú ti dísìkì, páàdì ò ní kúrò lára dísìkì láéláé. Wọ́n sì kọ ọ́ sára páálí pé ti dísìkì ni o! Mo kọ̀wé sí ẹni tó tà á, ó ní kí n dá a padà. Sí Amẹ́ríkà!

Lẹ́yìn ìyẹn, mo mú un lọ sọ́nà Ṣàgámù láàárọ̀ Sunday láti fi páàdì náà mọ́ra: ẹ sáré díẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ níwọ̀n, ẹ má jẹ́ kó dúró pátápátá, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ tún un ṣe. Ní báyìí, mo kó sìmẹ́ǹtì sẹ́yìn ẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ ní Ìtòkú, pẹ́dà dúró lókè, ọkọ̀ ò fà sápá òsì mọ́.

Mi ò fọwọ́ kan dúrọ́ọ̀mù ẹ̀yìn, mi ò sì rí ìdí ẹ̀. Iwájú ni ọ̀pọ̀ ìwúwo ń rọ́ lọ tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì. Kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé wọ́n sún ṣúù ẹ̀yìn mọ́ dúrọ́ọ̀mù dáadáa. Tí kò bá sún mọ́ ọn, pẹ́dà á máa rì, ẹ̀ẹ́ sì máa dá dísìkì tuntun lẹ́bi. Tí rímù àtilẹ̀wá ló bá ṣì wà lẹ́sẹ̀ tiyín, ẹ kọ́kọ́ wọn inú ẹ̀ kẹ́ ẹ tó sanwó, torí òmíràn máa ń ha kálípà.