Àwọn tó ń wọn amóníà nílé àdìẹ ní Adó-Èkìtì: ohun tí ojú mi rí

Ọmọkùnrin tí wọ́n kọ́kọ́ rán wá kọ ìpín 6 nínú mílíọ̀nù sínú ìwé rẹ̀ fún amóníà, afẹ́fẹ́ olóòórùn tó máa ń ta ojú, ó sì rẹ́rìn-ín sí mi pé, "Mà, kò sí wàhálà kankan níbí," nígbà tí àwọn àdìẹ ń dijú níwájú àwa méjèèjì, tí omi sì ń dà lójú wọn. Ọ̀sán gangan ló dé oko mi nítòsí Ìyìn-Èkìtì. A ti ká gbogbo tapólì sókè, atẹ́gùn sì ń gba inú ilé kọjá. Ẹnu ọ̀nà ló dúró sí, ó gbé mítà sí ọ̀kánkán àyà ara rẹ̀, ó wò ó fìrí, ó sì pa á. Mo bi í bóyá ó rí àdìẹ tó ga tó o nínú ilé náà. Kò dáhùn, rìsíìtì ló ń kọ.

Ẹni tó bá ń sin àdìẹ lórí lẹ́búlẹ́bú pákó mọ̀ pé inú ìgbẹ́ tí omi bá ti kàn ni amóníà ti ń jáde, pàápàá lábẹ́ dírínkà (ohun tí àdìẹ fi ń mu omi) tó ń jò, àti pé òru tí a bá fi tapólì bo ilé nítorí òtútù ló máa ń gbára jọ. Òfin tí Ìṣọ̀kan Yúróòpù ṣe ní 2007 fún àdìẹ ẹran tí wọ́n bá kó pọ̀ sójú kan sọ pé ibi tí orí àdìẹ wà ni kí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, kí ó má sì kọjá ìpín 20 nínú mílíọ̀nù. Ẹlẹ́yin ni tèmi, ṣùgbọ́n mi ò rò pé orí wọn wà ní àyà ènìyàn.

Mo fi ìbínú pe ọ̀gá wọn, kò sì jẹ́ kí n rí ìjà jà. Ó ní, "Ẹ má bínú, mà, a ó tún un ṣe lọ́fẹ̀ẹ́." Ọmọbìnrin tó rán wá dé kí ilẹ̀ tó mọ́, kí a tó ká tapólì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó tún wọlé lọ kúnlẹ̀ fún àwọn àdìẹ. Ìta gbangba ló ti kọ́kọ́ tan mítà, tó dúró kí ó wá sí òdo, nítorí pé, gẹ́gẹ́ bó ṣe wí, sẹ́ńsọ̀ tó bá pẹ́ nínú amóníà kì í sọ òótọ́ mọ́. Ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí àdìẹ títí nọ́ńbà fi dúró sójú kan: 31 láàárín ilé, 44 nídìí dírínkà tó wà ní kọ̀rọ̀. Láàárín méjèèjì, ó gbé mítà jáde lọ gba afẹ́fẹ́ tútù. Ó tún ṣẹ́ orí ọ̀pá gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi pọ́ńpù ọwọ́ fa afẹ́fẹ́ gba inú rẹ̀, kí àwọ̀ tó ń yí padà lè jẹ́rìí sí ti mítà. Nígbà tí mo ní èmi ò gbóòórùn tó bẹ́ẹ̀, ó fèsì pé, "Imú yín ti mọ́ ọn lára, mà." Lọ́jọ́ yẹn gan-an la kó gbogbo ohun tó ti rin lábẹ́ dírínkà dà nù, a sì ń ṣí òkè tapólì díẹ̀ lóru báyìí. Omi ojú àwọn àdìẹ ti gbẹ.

Àmọ́ ìwé àbájáde tí ọ́fíìsì wọn fi ránṣẹ́ tún bí mi nínú. Wọ́n kọ iye amóníà tí ilé mi ń tú síta lójúmọ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni nínú wọn kò wọn bí afẹ́fẹ́ tó ń jáde ṣe pọ̀ tó, èyí tí wọn ì bá fi sọ iye tí mítà kà di púpọ̀. Nínú ilé tí kò ní fáànù bíi tèmi, iṣẹ́ ńlá nìyẹn; àwọn tó mọ̀ ọ́n máa ń gbé ìṣirò rẹ̀ gba orí kábọ́ọ̀nù dáyọ́ksáídì tí àwọn àdìẹ ń mí síta. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́, wọn kò yọ ọ́. Wọ́n tún gba owó epo ọkọ̀ lórí iṣẹ́ ọ̀fẹ́.

Ìràwọ̀ 5 nínú 5. Tí ẹ bá pè wọ́n, ẹ ní ọmọbìnrin náà lẹ fẹ́.